Wọ́n ní kí n wá máa la ẹnu lásán lórí tẹlifíṣàn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÀdùnniOhùn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ètò òwúrọ̀ kan lórí tẹlifíṣàn ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá kọ orin mi tuntun. Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Àfi lánàá tí ọ̀kan nínú àwọn olóòtú wọn pè mí lórí fóònù pé kí n má wulẹ̀ kó báńdì wá. Ó ní kí n fi orin tí mo ti gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, kí n wá dúró níwájú kámẹ́rà, kí n máa ṣe ẹnu bí ẹni ń kọrin. Ó ní bí gbogbo olórin ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọrin, mi ò sì tíì di máìkì tó ti kú mú rí. Ṣé ẹ̀tàn kọ́ lèyí? Bí mo bá gbà, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí mi ò fi ní tẹ́? Bí mi ò bá sì gbà, kí ni mo lè bèèrè tí wọn ò fi ní fi ẹlòmíì rọ́pò mi? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù.

Mo_Sanwó_Wòran

Ẹ̀tàn ni. Kò lábùlà. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ àgbàsílẹ̀, ó wà lórí fóònù mi. Olórin tí mo bá jókòó wò, mo fẹ́ kó kọrin ni, kì í ṣe kó máa ṣe ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

BàbáSítúdíò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Àdùnni, àbúrò mi, mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún jókòó nídìí ẹ̀rọ ohùn ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà fún ẹ. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ohùn rẹ. Àkókò ló ń lé wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n.

Ìlù báńdì nìkan lè gba máìkì mẹ́jọ. Fi ti gìtá kún un, ti dùùrù, tìrẹ, ti àwọn elégbè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la gbọ́dọ̀ dán wò, ká sì po ohùn wọn pọ̀ kí ará ilé tó gbọ́ ọ. Nínú ètò òwúrọ̀, ẹni tó ń ka ìròyìn wà ní igun kan, àlejò tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò wà ní igun kejì, ìwọ wà ní ìkẹta, ìpolówó ọjà tí a fi ń sáré tún ibẹ̀ ṣe kì í pẹ́. Bí báńdì bá sì dún sókè nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, gbogbo máìkì tó bá ṣí sílẹ̀ ni yóò gbé e. Àgbàsílẹ̀ ńkọ́? Bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Olùdarí mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìṣẹ́jú àáyá tí yóò parí, ó sì mọ ibi tí kámẹ́rà kejì yóò ti sún mọ́ ọ lójú. Ohun tó bá dá wọn lójú ni wọ́n ń fẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olórin ò mọ̀ ni pé láàárín kí odindi báńdì wá àti kí o máa la ẹnu lásán, àyè wà níbẹ̀. O lè jẹ́ kí ohun èlò orin àti ègbè ti inú àgbàsílẹ̀ wá, kí ìwọ fi ẹnu ara rẹ lé orin. Ìyẹn ò gbà ju máìkì kan lọ. Òmíràn tún wà tí máìkì rẹ yóò ṣí, tí ohùn rẹ ti inú àgbàsílẹ̀ yóò sì máa lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lè gbé e sókè bí èémí bá tán nínú rẹ. Àwọn olórin tó ń fò sókè sódò bí wọ́n ṣe ń kọrin, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò nìyẹn.

Nítorí náà, má bá wọn jà nítorí báńdì, wàá pàdánù. Máìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ ni kí o bèèrè, àti nǹkan tí wàá kì bọ etí láti gbọ́ ara rẹ. Ó ṣòro fún wọn láti kọ ìyẹn.

Bí o bá ń fi orin ránṣẹ́, oríṣi mẹ́ta ni kí o fi ránṣẹ́: odindi rẹ̀, èyí tí a yọ ohùn lílé kúrò nínú rẹ̀ tí ègbè ṣì wà, àti èyí tó jẹ́ ohun èlò nìkan. Jẹ́ kó jẹ́ 48 kHz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn), òun ni tẹlifíṣàn ń lò, 44.1 kHz ni ti CD. Ẹ̀rọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò yí i padà fúnra rẹ̀. Mo ti bá ọ̀kan pàdé tí kò yí i. Orin náà sáré ju bó ṣe yẹ lọ ní bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn olórin wá tínrín bíi ti òròmọdìyẹ. Olórin ọ̀hún rèé, ọkùnrin gìrìwò, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máa la ẹnu bá òròmọdìyẹ lọ.

Onílù_Ọlọ́wọ́òsì

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ ò tiẹ̀ ṣàánú àwa onílù. Bí ẹ bá pe báńdì, ẹ ó ní ká wá máa lu ìlù tí ẹ ti fi fóòmù dì nínú, pẹ̀lú páànù onírọ́bà tí kì í dún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ohun tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Iron Maiden ṣe lórí tẹlifíṣàn Jámánì ní 1986: wọ́n ní kí wọ́n ṣe bí ẹni ń kọrin, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ohun èlò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí orin ń lọ. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Muse náà ṣe é ní Ítálì ní 2009. Onílù lọ dúró sídìí máìkì, olórin lọ jókòó sídìí ìlù, olóòtú ètò sì fọ̀rọ̀ wá onílù lẹ́nu wò bí ẹni pé òun ni olórin wọn.

Àdùnni, má dán ìyẹn wò o. Àwọn tó ti lórúkọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

ElégbèÀtijọ́

Àbúrò mi, mo gberin lẹ́yìn àwọn olórin fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti la ẹnu ju bí mo ṣe lè kà lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ tí wọn ò fún ẹ ní máìkì, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o má la ẹnu lásán. Kọ ọ́. Kọ ọ́ jáde látinú ikùn bí ẹni pé máìkì ń ṣiṣẹ́. Iṣan ọrùn, àyà tó ń gbé sókè, àgbọ̀n tó ń mì, kò sẹ́ni tó lè fi àwọn yẹn ṣeré. Bó bá jẹ́ ètè nìkan ló ń ṣí tó ń pa dé, ẹja inú omi nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, èémí. Ibi tí àṣírí ti máa ń tú jù nìyí, àwọn olórin kì í sì í rò ó. Nínú sítúdíò, a lè kọ ẹsẹ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ká gé ibi tó dùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká lẹ̀ wọ́n pọ̀, ká sì pa ìró èémí rẹ́. Ohun tó jáde níbẹ̀, ẹlẹ́mìí kan ò lè kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ la ẹnu sí i, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ó ti mí. Wàá rí olórin tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tó pa ẹnu dé láti mí, tí ohùn rẹ̀ sì ń bá a lọ láìdúró dè é. Nítorí náà, padà sí sítúdíò kí o gba òmíràn sílẹ̀ fún tẹlifíṣàn. Kọ ọ́ láti òkè délẹ̀ láìdúró, kí o jẹ́ kí èémí rẹ wà níbẹ̀. Bí orin náà bá jẹ́ èyí tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi pòórá, fún un ní òpin gidi. Ojú máa ń ti ènìyàn láti dúró níwájú kámẹ́rà kó máa la ẹnu sí orin tó ń pòórá lọ, tí kò mọ̀ bóyá kó dákẹ́ ni àbí kó máa rìn lọ.

Ó tún ku ọ̀kan. Gbọ́ àgbàsílẹ̀ yẹn bí ẹni tó ń kọ́ orin ẹlòmíì. Gbogbo ibi tí o ti máa ń fa ohùn, tí o máa ń yí i, nígbà tí inú rẹ bá dùn níwájú èrò, gbàgbé wọn. Ohun tó wà nínú àgbàsílẹ̀ nìkan ni wàá ṣe. Àwa elégbè mẹ́ta dúró lẹ́yìn olórin kan nígbà kan, a ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ègbè tuntun. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àgbàsílẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí tẹlifíṣàn. Ègbè ń ké "áà", ẹnu àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí roboto bíi ti ẹni tó ń sọ "òò". Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ yẹn ni òwe náà yé mi.

Ìbéèrè_Ò_Tán

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni àwa tó ń wò ó nílé ṣe lè mọ̀ pé ẹnìkan ń la ẹnu lásán? Mo máa ń rí i pé ètè àti ohùn ò bá ara wọn mu, mo á sì ti pariwo "olè!"

BàbáSítúdíò

Ètè àti ohùn tí kò bára mu kì í ṣe ẹ̀rí. Àwòrán àti ohùn máa ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀kan sì lè pẹ́ ju èkejì lọ. Wo ẹni tó ń ka ìròyìn lórí ìkànnì kan náà: bí ètè tirẹ̀ náà bá ń ṣáájú, ẹ̀rọ ló fà á. Bí ohùn bá tẹ̀lé ètè díẹ̀, ojú kì í tètè kíyè sí i, torí ó ti mọ́ wa lára pé mànàmáná ń ṣáájú àrá. Bí ohùn bá ṣáájú ètè ló máa ń rí bákan.

Máìkì ni kí o máa wò. Bí olórin bá gbé e kúrò lẹ́nu, ohùn yẹ kó yí padà. Bó bá yíjú, bó bá fò, bó bá tẹ̀ síwájú, ohun kan yẹ kó yẹ̀ díẹ̀. Ohùn tó dúró gbọnin nígbà tí ara ń sáré kiri, fura sí i. Síbẹ̀, má tètè dájọ́: ó lè jẹ́ irú èyí tí ohùn méjì wà lórí ara wọn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

ÌtànOrin

Ẹ jẹ́ kí n bá Ẹ̀gbọ́n Mo_Sanwó sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló dá a sílẹ̀. Top of the Pops, ètò orin BBC lórí tẹlifíṣàn, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1964, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń la ẹnu sí rẹ́kọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ní 1966, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin jà títí wọ́n fi fòpin sí i fún ìgbà náà, torí rẹ́kọ́ọ̀dù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ohun èlò. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ló kọ́kọ́ wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtítọ́. Nígbà tó di 1988, wọ́n gbé ẹgbẹ́ All About Eve wá sórí ètò yẹn kan náà. Orin bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé ń gbọ́ ọ, àmọ́ kò dún ní sítúdíò. Obìnrin tó ń lé orin jókòó jẹ́ẹ́, ẹnu rẹ̀ ò mì, ohùn rẹ̀ ń kọrin lọ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Pavarotti, ògbóǹtarìgì olórin ọ́pẹ́rà ará Ítálì, ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Turin, oṣù kejì 2006, ó ti gba ohùn sílẹ̀ ṣáájú, òun àti gbogbo àwọn tó ń lo ohun èlò lọ́jọ́ náà kàn ń ṣe é lójú lásán ni. Ara rẹ̀ ò yá, òtútù sì pọ̀. Lẹ́yìn tó ti kú ni ẹni tó darí orin fún un wá sọ ọ́ síta. Ǹjẹ́ a ó wá sọ pé Pavarotti ò lè kọrin?

Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n ni ibi tí ohùn kì í ti í ṣe ti ẹni tó ń la ẹnu. Milli Vanilli, ẹgbẹ́ olórin ọkùnrin méjì tí wọ́n ń jẹ́ Rob àti Fab, gba Grammy ti olórin tuntun tó dára jù lọ ní oṣù kejì 1990, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí Frank Farian tó ṣe orin wọn jẹ́wọ́ pé Rob àti Fab kọ́ ló kọrin inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún… tiwọn ò tiẹ̀ tó ọdún mẹ́ta. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé àwọn ọmọkùnrin méjì ló jẹ ìyà rẹ̀, Farian sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun náà sì ni ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jáde lẹ́nu ọkùnrin tó ń jó nínú ẹgbẹ́ olórin Boney M láti àárín àwọn ọdún 1970 síwájú.

Mo_Sanwó_Wòran

Ó dáa, mo gbọ́. Mo fara mọ́ ọn pé ohùn ara ẹni yàtọ̀ sí ohùn olóhùn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò lè sọ fún wa? Kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwòrán pé "àgbàsílẹ̀ ni". Nígbà tí wọ́n búra fún Obama lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kìíní 2013, Beyoncé lo àgbàsílẹ̀. Ariwo ta. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó kọ orin orílẹ̀-èdè láti ẹnu ara rẹ̀, ó wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun lo àgbàsílẹ̀, torí kò sí àkókò tó pọ̀ tó láti gbáradì pẹ̀lú àwọn tó ń lo ohun èlò, òun ò sì fẹ́ fi ọjọ́ ńlá ṣe ìdánwò. Inú mi yọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kó má lò ó, kó ṣáà sọ.

Alábòójútó

Mo ti pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́ níhìn-ín. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rí, ẹ má dárúkọ olórin kankan pé kì í fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin. Ẹ máa bá ìmọ̀ràn lọ.

ElégbèÀtijọ́

Àdùnni, mo gbàgbé ohun kan. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì, wá a rí, kí o kí i, kí o mọ orúkọ rẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó dé bá Ashlee Simpson, olórin Amẹ́ríkà, lórí ètò apanilẹ́rìn-ín Saturday Night Live ní oṣù kẹwàá 2004 nìyẹn: orin tó ti kọ tán ni wọ́n tún tẹ̀, ohùn rẹ̀ ń jáde, máìkì wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jó díẹ̀, ó rìn kúrò. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, má jó. Rẹ́rìn-ín, sọ pé orin kọ́ nìyẹn, kí wọ́n tẹ èyí tó yẹ. Èrò máa ń dárí ji ẹni tó bá sọ̀rọ̀.

Bí o ò bá sì gbọ́ ara rẹ nígbà ìgbáradì, má gbà kí wọ́n sọ fún ẹ pé yóò dára tó bá yá. Mariah Carey ò gbọ́ nǹkan kan ní Times Square ní New York ní alẹ́ tí 2016 ń parí, gbogbo ayé ló rí i bó ṣe ń rìn kiri tí orin ń lọ láìsí òun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ síbẹ̀, ó sì kọrin.

BàbáSítúdíò

Kókó ni ohun tí wọ́n sọ yẹn. Má gbà kí wọ́n gbé sípíkà sí ọ̀nà jíjìn pé kí o máa tẹ̀lé e. Ní ìwọ̀n mítà mẹ́wàá, ohùn ti pẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé etí rẹ. Ó kéré, àmọ́ ó máa ń fa ènìyàn sẹ́yìn lórí orin. Má sì lo ohun etí Bluetooth, tirẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òwúrọ̀ ni wàá kọrin, ohùn ò tíì jí nígbà yẹn. Jẹ́ kí wọ́n sọ orin náà kalẹ̀ díẹ̀ nínú àgbàsílẹ̀ tí wàá fi ránṣẹ́, kí ibi tó ga nínú rẹ̀ má bàa ga jù fún ọ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ ju onílù rẹ lọ.

Onílù_Ọlọ́wọ́òsì

Onílù ò ní mọ̀. Onígìtá ni.

ÀdùnniOhùn

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ti ibẹ̀ dé. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí: mi ò dárúkọ báńdì rárá, máìkì kan ni mo bèèrè. Olóòtú yẹn dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á béèrè. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kò burú, pé kí n fi oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, àmọ́ odindi rẹ̀ ni wọn yóò fi sípò bí n bá pẹ́ dé. Mo dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgbáradì lọ dáadáa. Mo gbọ́ ara mi létí, mo mọ orúkọ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tó wá di ìgbà tòótọ́, ó gbàgbé láti ṣí máìkì mi. Ìlà àkọ́kọ́ kò jáde, èmi sì ń kọ ọ́ tọkàntọkàn! Mi ò dúró. Ìgbà tí mo dé ìlà kejì ni mo gbọ́ ohùn mi tó wọlé sí mi létí. Mo wo òkè láti inú gíláàsì, ẹni yẹn ló di ọwọ́ mú orí, ló wá ń la ẹnu lásán sí mi: "Ẹ má bínú, ẹ má bínú."

Ibì kan wà ní ẹsẹ kejì tí ohùn mi yẹ̀. Ìyá mi ní àwọn ò gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ wò ó ẹ ó ti gbọ́. Wọ́n ní kí n padà wá ní oṣù tó ń bọ̀, kí n kó báńdì dání lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá, máìkì mélòó ni ẹ ní ìlù ń gbà?

Onílù_Ọlọ́wọ́òsì

Mẹ́jọ. Má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀kan.